Ọmọ Oní-Gaàrí Lóun Fẹ́ẹ́ Ka Jẹnẹ́tíìkì: Iléèwé Wo Ni Kó Gbà Lọ?

Ọ̀rọ̀ tó dá ariwo sílẹ̀ ní ìsọ̀ gaàrí kan nítòsí Fájuyì, ní Adó-Èkìtì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbèsè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ orogún. Ọ̀rọ̀ JAMB ni. Ìyá tó ni ìsọ̀ náà ti ń ta gaàrí láti ìgbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ yìí ti wà nínú ọ̀já lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ ti dàgbà báyìí, ó ti parí ìwé girama, ó yege dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣe JAMB láti lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni wọn ò mú un. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó jókòó lé àpò gaàrí, ó ní:

"Màámi, mi ò fi dókítà sí i mọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Jẹnẹ́tíìkì ni mo fẹ́ẹ́ kà."

"Kí ni? Jẹnẹrétọ̀? Ìwọ ọmọ yìí, jẹnẹrétọ̀ lo fẹ́ẹ́ máa tún ṣe kiri ìgboro?"

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ìyá eléèlùbọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àpótí. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe jẹnẹrétọ̀, Màámi. Ẹ̀kọ́ nípa ohun tí ọmọ ń jogún lára ìyá àti bàbá rẹ̀ ni. Ẹ̀kọ́ nípa ohun tó pa àbúrò mi."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wọn.

Àbúrò tó ń wí yẹn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tó kú. Fòní-kú-fọ̀la-dìde ni. Kò sí àgbo tí ìyá yìí kò sè, kò sí ilé àdúrà tí kò gbé ọmọ dé. Àwọn kan ní àbíkú ni. Àwọn ará ilé ọkọ ní kí wọ́n lọ wádìí ìdílé ìyá rẹ̀ wò. Ìgbà tí wọ́n gbé ọmọ dé ọsibítù, tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ni wọ́n tó sọ fún wọn pé SS ni ọmọ, AS sì ni ìyá àti bàbá. Ọdún kẹrìnlá tí tọkọtaya náà ti ń gbé pọ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè rí.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀wà ṣe é kó lè yé gbogbo wa. Gbogbo ènìyàn ló gba nǹkan méjì tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ yóò ṣe rí, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ká ní ẹ̀wà funfun ni A, ẹ̀wà pupa ni S. Ẹni tó jẹ́ AS ní funfun kan àti pupa kan nínú àpò rẹ̀. Bí ọkọ bá dijú tó fa ọ̀kan yọ, tí ìyàwó náà dijú tó fa ọ̀kan yọ, ó lè bọ́ sí funfun méjì, ìyẹn AA. Ó lè bọ́ sí funfun kan, pupa kan, ìyẹn AS. Ó sì lè bọ́ sí pupa méjì. Pupa méjì yẹn ni SS. Tí a bá fà á lọ́nà mẹ́rin, ọ̀nà kan ló já sí pupa méjì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n rò pé bí àwọn bá ti bí SS kan, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́. Irọ́ ni o! Gbogbo ìgbà tí oyún bá dé ni wọ́n ń dá ẹ̀wà padà sínú àpò, tí wọ́n tún ń fà á lákọ̀tun. Ìdílé AS méjì kan lè bí mẹ́rin kí gbogbo wọn mókun. Òmíràn lè bí mẹ́rin kí mẹ́ta nínú wọn jẹ́ SS. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ bàbá. Àní S yìí gan-an ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Lọ́dún 1954, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Anthony Allison fi iṣẹ́ tó ṣe ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà hàn pé ibà kì í bá ẹni AS jà dójú ikú bó ṣe ń bá ẹni AA jà. Ilẹ̀ tí ẹ̀fọn pọ̀ sí bíi tiwa ni S ti rí àyè. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nínú 100 ọmọ Nàìjíríà, bíi 24 ló jẹ́ AS, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2006 pé bí 150,000 ọmọ SS ni wọ́n ń bí ní Nàìjíríà lọ́dọọdún. Ẹ tún nọ́ńbà yẹn kà.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí ìdí ọ̀rọ̀ àjogúnbá yìí, ẹ̀wà náà ló fi rí i. Mọ́ńkì ìjọ Àgùdà ni, Gregor Mendel lorúkọ rẹ̀, ní ìlú Brno tó wà ní orílẹ̀-èdè Czech lónìí. Ẹ̀wà òyìnbó ló ń gbìn sínú ọgbà, ó ń ka èyí tó ga, ó ń ka èyí tó kúrú, ọdún 1866 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ó kú ní 1884 láìsí ẹni tó kà á sí. Ọdún 1900 ni ayé tó jí sí i. Kí àwọn tó ń fi ọmọ tó fìdí rẹmi ṣe yẹ̀yẹ́ sì gbọ́ èyí: Mendel yìí ṣe ìdánwò láti di tíṣà lọ́dún 1850, ó pàdánù.

Ká padà sí Adó. Nígbà tí bàbá ọmọ, tó ń ṣe iṣẹ́ fọkanáísà, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lálẹ́, ó gbé àwo ọbẹ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mo ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ mi pé dókítà ni ọmọ mi ń lọ ṣe. Èyí tí o wá ń wí yìí, tí o bá kà á tán, kí ni wọ́n ń kọ síwájú orúkọ ẹni?"

Àbúrò ìyá, tó jẹ́ télọ̀, ní tirẹ̀ ní òun fara mọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n kó má lọ sí yunifásítì ìjọba rárá. "Àǹtí mi, ẹ ta ilẹ̀ yín ojú ọ̀nà Ìwòròkó. Yunifásítì aládàáni ni kẹ́ ẹ fi sí. Ibẹ̀ ni òrùlé ti ń dán, wọn kì í sì í daṣẹ́ sílẹ̀."

"Ilẹ̀ wo? Ilẹ̀ tí mo fi ọdún mọ́kànlá ra?"

Báyìí ni wọ́n ṣe ń fà á títí iná fi lọ. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ oyè, ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ òrùlé, ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀. Kò sí ẹni tó bi ọmọ náà léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi í: jẹnẹ́tíìkì èwo? Jẹnẹ́tíìkì kì í ṣe yàrá kan. Ilé ńlá ni, ilẹ̀kùn rẹ̀ pọ̀, iléèwé tó dára fún ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀kùn kan wọlé lè má wúlò fún ẹni tó ń lọ síbi òmíràn. Àwọn òbí tó ń sáré lé orúkọ yunifásítì kí wọ́n tó mọ ilẹ̀kùn tí ọmọ ń lọ, ńṣe ni wọ́n dà bí ẹni tó wọkọ̀ kó tó béèrè ibi tí ọkọ̀ ń lọ.

Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, oníbàárà ìyá náà látọjọ́ pípẹ́, ló tú kókó yìí nígbà tó wá ra gaàrí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Báyọ́lọ́jì ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ. Ó ní, "Ìyá, ẹ má jẹ́ kí n gbọ́ pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ Èkìtì. Ṣé ẹ mọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè?"

Ta ni kò mọ Ẹ̀fọ̀n? Níbẹ̀ ni wọ́n ti bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéyínká Gladys Fálùsì lọ́dún 1945. Ẹ wo ọ̀nà tí ìyá yìí gbà o. Kò ka jẹnẹ́tíìkì ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ṣe dókítà olóògùn. Kẹ́mísìrì ló kà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ìgbà tó yá ló wá yà sí ìmọ̀ ẹ̀jẹ̀, tó gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀, tó fi iṣẹ́ rẹ̀ jin àrùn ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń jogún, fòní-kú-fọ̀la-dìde pàápàá. Ó di olùdarí ibùdó ìwádìí ìṣègùn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn Ìbàdàn. Lọ́dún 2001, nígbà tí UNESCO àti L'Oréal ń fún àwọn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì márùn-ún káàkiri ayé ní ẹ̀bùn, òun ni wọ́n mú fún Áfíríkà. Ó tún dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún ìtọ́jú àti ìlanilọ́yẹ̀ lórí àrùn náà. Nítorí náà, ohun tí wọ́n ń kọ síwájú orúkọ tí bàbá ń béèrè wà: Ọ̀jọ̀gbọ́n ni. Ní Èkìtì tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní ilé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ó yẹ kí ìyẹn tó o.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìtàn yìí fún ẹni tó ń yan iléèwé kò kéré. Díígírì àkọ́kọ́ kì í ṣe òpin ọ̀nà fún iṣẹ́ yìí. Ilẹ̀kùn àbáwọlé lásán ni. Ẹni tó bá ka Kẹ́mísìrì, Bayokẹ́mísìrì, Máíkíróbáyọ́lọ́jì tàbí ẹ̀kọ́ nípa ohun ọ̀gbìn dáadáa lè wọ inú jẹnẹ́tíìkì nígbà tó bá ń ṣe másítà àti oyè ọ̀mọ̀wé, níbi tí iṣẹ́ náà ti wà gan-an. Bayokẹ́mísìrì wà ní yunifásítì ìjọba Èkìtì, EKSU, tí ọmọ lè ti ilé máa wọkọ̀ lọ. Ó wà ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní Ọyẹ́, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011. Ta wá ni yóò ta ilẹ̀ ọdún mọ́kànlá nítorí àbáwọlé? Ká tilẹ̀ ní wọ́n tà á, kí ni wọn yóò tà nígbà tí másítà bá dé?

Ẹni tó fẹ́ kó jẹ́ pé orúkọ jẹnẹ́tíìkì gan-an ni wọn yóò kọ sórí ìwé ẹ̀rí òun, Yunifásítì Èkó, ní Akọka, ní ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní Cell Biology and Genetics. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ohun ọ̀gbìn tàbí ẹran ọ̀sìn, kó kọjú sí Abẹ́òkúta, sí yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, FUNAAB. Wọ́n ní ẹ̀ka fún ìmúdára irúgbìn, wọ́n ní ti ẹran ọ̀sìn lọ́tọ̀.

Ìyá oní-gaàrí fi ọwọ́ gbá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ yìí dànù. "Mo sá lọ sọ́jà nítorí kí ọmọ mi má baà roko." Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó tọwọ́ bọ inú àpò gaàrí, ó bu ẹ̀kúnwọ́. "Ìyá, gaàrí tẹ́ ẹ ń tà yìí, ta ni kò jẹ́ kó parun?"

Àwọn àgbàlagbà yóò rántí ìgbà tí ewé ẹ̀gẹ́ ń ká kò, tó ń di aláwọ̀ ìyeyè, tí àgbẹ̀ á hú u tí kò ní í rí ju gbòǹgbò tín-tìn-tín lọ. Ibùdó ìwádìí ńlá kan wà ní Ìbàdàn, IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967. Ọmọ ilẹ̀ Kòríà kan, Sang Ki Hahn, dé ibẹ̀ ní 1971. Àwọn òyìnbó kan ti mú ẹ̀gẹ́ pàdé ìbátan rẹ̀ kan tó jẹ́ igi rọ́bà ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà láti bí ọdún 1930 sókè, kí ẹ̀gẹ́ lè jogún agbára tí ìbátan yẹn ní láti kọ àrùn. Lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Hahn àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń mú ti ibẹ̀ pàdé tiwa, wọ́n ń ṣa èyí tó lágbára, títí wọ́n fi rí àwọn bíi TMS 30572 tí kì í tètè ṣàìsàn tó sì ń so púpọ̀. Àwọn ará Ìkirè fi í joyè Ṣéríkí Àgbẹ̀ nítorí iṣẹ́ yìí. Ẹ̀wà inú àpò àti ẹ̀wà inú oko Mendel náà ló ṣe é, ẹ̀gẹ́ ló wulẹ̀ wà níbẹ̀ dípò ẹ̀wà. Lọ́dún 2019 pàápàá, ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí ẹ̀wà kan tí wọ́n ṣe ní Zaria, tí wọ́n fi ohun kan sínú rẹ̀ tí kòkòrò Maruca tó ń jẹ èso ẹ̀wà lóko kò fi lè jẹ ẹ́. Àwọn kan ń yìn ín, àwọn kan ní àwọn ò fẹ́ ẹ rárá. Àríyànjiyàn yẹn ṣì ń lọ, ó sì dára kí àwọn ọmọ wa wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìmọ̀ dípò pé kí wọ́n máa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ẹ̀jẹ̀ lòun fẹ́, kì í ṣe ẹ̀gẹ́. Níbí ni ó yẹ kí gbogbo òbí ti fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀tàn wà.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ka jẹnẹ́tíìkì pẹ̀lú èrò pé bí àwọn bá ti jáde, ọsibítù ni àwọn yóò ti máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn wò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin 2003 wà lórí iṣẹ́ láàbù ọsibítù, ìgbìmọ̀ kan sì wà tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ka Medical Laboratory Science, ọdún márùn-ún, ni wọ́n ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti ṣe àyẹ̀wò kó sì fọwọ́ sí èsì. Ẹni tó gba díígírì nínú Cell Biology and Genetics, bó ti wù kí orí rẹ̀ pé tó, kò ní àṣẹ yẹn. Bí ohun tí ọmọ yín fẹ́ bá jẹ́ kó jókòó sí láàbù ọsibítù, kó máa sọ fún ọmọge àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pé AA nìyí, AS nìyí, Medical Laboratory Science ni kó fi sí JAMB. Ó wà ní LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́. Ó wà ní yunifásítì Afẹ́ Babalọlá níbí ní Adó, aládàáni nìyẹn, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bó bá jẹ́ pé ìwádìí ló fẹ́, kó máa wá ọ̀nà tí àrùn náà yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀, ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn Èkó àti ti Ìbàdàn tó kàn án. Ìwádìí kì í tètè mówó wá o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ẹni tó bá ka díígírì àkọ́kọ́ nìkan tó dúró, iṣẹ́ tó máa rí kò ní í pọ̀, ó lè jẹ́ tíṣà ni yóò ṣe tàbí kó lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò láàbù.

Dókítà tí bàbá ń wí náà jẹ́ ilẹ̀kùn kan, kì í ṣe pé kò dáa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé gba ibẹ̀. Ìbàdàn ló ti gba oyè dókítà ní 1980, ó kọjá sí Chicago ní Amẹ́ríkà, ó sì di ẹni tí ayé mọ̀ lórí bí àrùn jẹjẹrẹ ọmú ṣe ń ti ara ìyá bọ́ sára ọmọ, pàápàá lára obìnrin adúláwọ̀. Lọ́dún 2005 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn MacArthur tí wọ́n máa ń fún àwọn olóye ènìyàn ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti jókòó sílé ọdún méjì nítorí dókítà, ṣé ọdún kẹta ni kó tún jókòó? Láàárín ọdún méjì yẹn, ì bá ti wà ní ìpele kejì níbòmíràn.

Ilẹ̀kùn kan ṣẹ́kù tí kò jìnnà sí wa. Ní Ẹdẹ, ní Yunifásítì Redeemer's, ibùdó kan wà tí wọ́n ń fi jẹnẹ́tíìkì wádìí kòkòrò àrùn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ń darí. Ọmọ Kamẹrúùnù ni, Ìbàdàn ló ti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Nígbà tí Ebola wọ Èkó lọ́dún 2014, láàbù rẹ̀ wà lára àwọn tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Ebola ni. Nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ tú àkọsílẹ̀ inú kòkòrò náà kà ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, nínú oṣù kẹta ọdún yẹn. Ní Ẹdẹ o! Kì í ṣe ní London. Ṣùgbọ́n kí òbí má tìtorí èyí sáré lọ san owó díígírì àkọ́kọ́ níbẹ̀ bí apá kò bá ká a. Ẹni tó bá fi díígírì tó dáa jáde ní Ọyẹ́ tàbí Èkó lè wá kan ilẹ̀kùn irú ibi bẹ́ẹ̀ fún másítà.

Ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì tí télọ̀ sọ kì í ṣe irọ́. Lọ́dún 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko ni àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba fi wà nílé. Ẹni tó bá ń lọ sí ti ìjọba, kó fi ọdún kan kún ọdún tí wọ́n kọ sínú ìwé. Owó náà sì ní ọ̀nà: láti 2024 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lówó láìgba èlé, NELFUND ni wọ́n ń pè é, wọn a san owó iléèwé fún iléèwé fúnra rẹ̀. Iléèwé ìjọba nìkan ni wọ́n ń san án fún. Kò sí ti aládàáni níbẹ̀.

Tíṣà wá sọ ohun kan tó wọ ìyá lára, nítorí ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ó ní, "Ìyá, bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra gaàrí lọ́wọ́ alágbàtà, ṣé ẹnu àpò lẹ máa ń wò?"

"Ẹnu àpò kẹ̀? Mo máa ń tọwọ́ bọ ìdí rẹ̀ ni. Òkè nìkan ló máa ń funfun."

"Ẹ tọwọ́ bọ ìdí yunifásítì náà."

Ohun tó ń wí ni pé kí ọmọ má wo géètì. Kó wọ ẹ̀ka tó fẹ́ kà lọ, kó wá àwọn tó wà ní ìpele kẹta àti ìkẹrin, kó bi wọ́n pé: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sọ ohun àjogúnbá di púpọ̀, tí wọ́n ń pè ní PCR, ṣé ẹ ti fọwọ́ kàn án rí àbí àwòrán rẹ̀ lẹ rí nínú ìwé? Bí iná bá lọ, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ohun tó wà nínú fíríìjì láàbù? Olùkọ́ mélòó ló wà tí jẹnẹ́tíìkì gan-an jẹ́ iṣẹ́ wọn, tí wọn kì í ṣe ẹni tí wọ́n yá láti ẹ̀ka mìíràn? Nígbà tí wọ́n rán yín lọ kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà, ibo lẹ lọ? Ìdáhùn ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló wúlò jù. Ẹ̀ka tó ń rí àwọn ọmọ rẹ̀ rán lọ sí IITA tàbí sí UCH ní Ìbàdàn yàtọ̀ sí èyí tí ọmọ rẹ̀ fi oṣù mẹ́fà ta káàdì níwájú ilé.

Kí ọmọ sì tún wo ìwé JAMB fúnra rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì pọn dandan, Báyọ́lọ́jì àti Kẹ́mísìrì tẹ̀ lé e, ìkẹrin sì lè jẹ́ Físíìsì tàbí Ìṣirò, ó sinmi lórí iléèwé. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ńlá kì í wo ẹni tó fi wọ́n ṣe ìkejì, nítorí náà ibi tó wù ú jù ni kó fi ṣe àkọ́kọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá ti rọ̀ díẹ̀. Ó béèrè ohun kan tí ẹnì kankan kò retí. "Àrùn tó pa àbúrò rẹ yìí, ṣé àwọn oníwèé tíì rí nǹkan ṣe sí i?"

Ọmọ ní, "Wọ́n ti rí i, Dádì." Ó ṣàlàyé pé ní òpin ọdún 2023, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú kan, Casgevy lorúkọ rẹ̀. Wọ́n á gba nǹkan lára aláìsàn, wọ́n á tún ohun àjogúnbá inú rẹ̀ ṣe, wọ́n á dá a padà sí i lára. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n ṣe é fún ni ìrora ńlá yẹn kò tún kọ lù mọ́ fún ọdún kan gbáko tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Eélòó ni?"

"Mílíọ̀nù méjì lé díẹ̀."

"Náírà?"

"Dọ́là."

Bàbá ò fọhùn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àfi kí ẹnì kan níbí wá ṣe é lówó pọ́ọ́kú."

"Ohun tí mo ń wí nìyẹn, Dádì."

Èkó ni wọ́n fi sí ipò àkọ́kọ́, Ọyẹ́ ni ìkejì. Wọn ò ta ilẹ̀. Ìyá ní òun yóò máa yọ owó kóńgò méjì sọ́tọ̀ lójoojúmọ́ láti ìsinsìnyí, fún ọkọ̀ àti ilé gbígbé. Ti NELFUND, kí ọmọ fúnra rẹ̀ lọ béèrè rẹ̀ nígbà tó bá wọlé.

Ọ̀rọ̀ ti fẹ́ tán nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà wọlé, èyí tó jẹ́ mẹkáníìkì, tó ń múra mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ fún oṣù tó ń bọ̀. Ìyá rẹ̀ kò tíì jẹ́ kó jókòó.

"Jẹ́nótáìpù tìẹ ńkọ́?"

"Màámi, ẹ ti mọ̀ pé AS ni mí."

"Ti ìyàwó ńkọ́?"

"Ó ní AA ni."

"Ó ní. Ìwé rẹ̀ dà?"

Ó dákẹ́. Ó ní láti kékeré ni wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un nílé wọn.

"Ọjọ́ Ajé, ẹ̀yin méjèèjì ẹ jọ lọ sí ọsibítù. Ẹ má lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi kọ́tìnnì bo ilẹ̀kùn rẹ̀ o. Lẹ́yìn èyí ẹ lọ síbòmíràn kẹ́ ẹ tún un ṣe, kí n rí ìwé méjì." Ó fà àpò gaàrí mọ́ra, ó ń di ẹnu rẹ̀. "Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lè sún síwájú. Màá sọ fún àwọn àna wa."